Ta Ni Kí Díìsìkì Kọ́kọ́ Dá Lóhùn?

Ibikíbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń fẹ́ ohun kan náà ní àkókò kan náà, dandan ni kí ètò wà níbẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ bá yọ ní àdúgbò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí gbogbo ilé sì gbé garawa jáde, ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ pọn. Bí a bá wí pé kí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ pọn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá yí àgbá mẹ́wàá wá, tí ọmọdé kan sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ yóò fi lo oògùn, ọ̀rọ̀ náà di èyí tí a ní láti rò lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá sì wí pé kí àwọn tí ó gbé ohun kékeré wá máa kọ́kọ́ pọn, ó lè jẹ́ pé alágbàá yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí ó tó kàn án. Irú ìdájọ́ yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò ní láti máa dá, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, bí kò ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní sáfà. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó wà lórí tábìlì akọ̀wé, ọ̀tọ̀ ni sáfà. Sáfà lè wà nínú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, kí ó sì máa dá ọgọ́rùn-ún ènìyàn lóhùn láti ibi tí wọ́n wà. Òun ni ó ń tọ́jú ìwé owó àwọn oníbàárà ilé ìfowópamọ́, orúkọ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, àti máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Nínú rẹ̀ ni ètò ìdarí kọ̀ǹpútà wà, èyí tí í ṣe alábòójútó gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò ìdarí bẹ́ẹ̀, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà káàkiri ayé. Nínú Linux, apá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó pinnu iṣẹ́ tí díìsìkì yóò kọ́kọ́ ṣe àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Olùtò ni ẹ̀kọ́ yìí yóò máa pè é.

Olùtò kò jẹ́ irú kan ṣoṣo. Oríṣìíríṣìí ni ó wà, ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà dájọ́ sì yàtọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe ètò ìdarí a máa fi ọ̀kan nínú wọn sí ipò kí wọ́n tó fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ayé. Èyí ni a mọ̀ sí ìlànà àtilẹ̀wá. Ẹni tí kò bá yí i padà, òun ni yóò máa lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yan ìlànà àtilẹ̀wá ń yàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò rí rí, ní ìlú tí kò dé rí. Ẹrù ńlá ni.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni dáadáa, ẹ jẹ́ kí a wo àdúgbò Palmgrove ní Èkó. Palmgrove, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ igbó ọ̀pẹ, wà ní ẹ̀bá títì Ìkòròdú, láàrin Ọbaníkòró àti Onípanu, ní ìhà Ṣómólú àti Bàrígà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Ṣómólú. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò ìsìnkú àti páálí ọjà wà lára ohun tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, lẹ́tà òjé ni àwọn atẹ̀wé máa ń tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán kí ó tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, tí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá jọ ń lo sáfà kan. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹni tí ń ya àwòrán parí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà kan, ó sì ní kí sáfà fi í pamọ́. Iṣẹ́ náà tó mẹ́gábáìtì 2,000. Bí díìsìkì bá lè kọ mẹ́gábáìtì 100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ó tó kọ ọ́ tán. Ní àkókò náà gan-an, oníbàárà kan dúró níwájú akọ̀wé, ó ń bèèrè iye owó tí ó kù tí òun yóò san lórí ìwé ètò ìsìnkú baba rẹ̀. Ohun tí akọ̀wé ń wá nínú sáfà kò ju ìlà kan péré lọ. Ṣé kí ó dúró títí a ó fi kọ kàlẹ́ńdà tán ni? Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlà márùn-ún ni ó ń wá, ní ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sẹ́yìn irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, ìdúró náà di ìṣẹ́jú àáyá 100. Ní ilé ìtẹ̀wé, ojú oníbàárà yóò kan, bóyá yóò sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni, tí dókítà sì ń wá irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn, ohun tí ó lè bàjẹ́ ju ọjà lọ.

A kò lè dáhùn ìbéèrè yìí láìmọ bí díìsìkì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé díìsìkì jáde fún títà, ní ọdún 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ìbú àwo kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 24, gbogbo wọn lápapọ̀ sì lè gba lẹ́tà mílíọ̀nù 5. Díìsìkì ti kéré gan-an sí ti ìgbà náà, ohun tí ó ń gbà sì ti pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí díìsìkì alàwo ń gbà ṣiṣẹ́ kò yí padà púpọ̀. Àwo ń yí bí àwo giramafóònù. Apá kan sì ń lọ síwá-sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti wá ipa tí a kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìyàtọ̀ wọn ni pé abẹ́rẹ́ giramafóònù a máa fara kan àwo, ṣùgbọ́n apá díìsìkì kò gbọdọ̀ fara kàn án.

Díìsìkì tí ń yí ní ìgbà 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 120 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, yíyí ẹ̀ẹ̀kan yóò gba nǹkan bí 8 nínú rẹ̀. Apá náà tún nílò àkókò tirẹ̀ láti rìn dé orí ipa tí a ń wá. Nítorí náà, bí àwọn iṣẹ́ kéékèèké bá fọ́n káàkiri ojú àwo, díìsìkì bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe púpọ̀ ju 100 nínú wọn lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó ti wù kí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yòókù yára tó. Ìrìn àti ìdúró ni ó ń jẹ àkókò, kì í ṣe ìkàwé fúnra rẹ̀.

A lè fi apá díìsìkì wé bọ́ọ̀sì ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008, ètò bọ́ọ̀sì tí a ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, láti Mile 12 títí dé CMS, ìrìn kìlómítà 22. Ọkọ̀ tí ó bá ń bọ̀ láti Mile 12 yóò kọjá ní Kétu, Ojọ́ta, Maryland, Anthony, Ọbaníkòró, Palmgrove, Onípanu àti Fádéyí. Bí awakọ̀ kan bá gbọ́ pé èrò wà ní Fádéyí, tí ó sáré lọ gbé e, tí ó tún padà sí Kétu nítorí èrò kejì, tí ó tún sáré wá sí Palmgrove nítorí ẹ̀kẹta, epo yóò tán, ilẹ̀ yóò ṣú, èrò díẹ̀ ni yóò sì gbé. Awakọ̀ ọlọ́gbọ́n a máa gbé èrò bí ó ti ń kan ibùdókọ̀, ní àlọ àti ní àbọ̀.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi èyí hàn. Jẹ́ kí a ní apá díìsìkì wà lórí ipa 50, tí iṣẹ́ márùn-ún sì dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí: ipa 90, 10, 80, 20 àti 70. Bí ó bá ń ṣe wọ́n bí wọ́n ti dé, yóò rin ipa 40, lẹ́yìn náà 80, 70, 60 àti 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́kọ́ gòkè lọ sí 70, 80 àti 90, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí 20 àti 10, yóò rin ipa 40 ní àlọ àti 80 ní àbọ̀. Àpapọ̀ èyí jẹ́ 120 péré. Iṣẹ́ kan náà ni, díìsìkì kan náà ni. Ètò nìkan ni ó yàtọ̀. Ní ọdún 1967, Peter Denning, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi irú àwọn ìlànà wọ̀nyí wé ara wọn. Nítorí pé ìlànà àlọ-àti-àbọ̀ jọ ìrìn ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé alájà, orúkọ ẹ̀rọ náà ni àwọn oníṣẹ́ Linux fún olùtò wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn apá nìkan ni ó ṣe pàtàkì, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń dúró wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí olùtò bá ń wá iṣẹ́ tí ó súnmọ́ apá jù lọ nígbà gbogbo, tí iṣẹ́ tuntun sì ń dé léraléra sí àyíká ipa 80, iṣẹ́ tí ó wà ní ipa 10 lè máa dúró láìsí òpin. Kì í ṣe pé ó dẹ́ṣẹ̀. Ó kàn jìnnà ni. Bákan náà ni kíkà àti kíkọ kò dọ́gba. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ka nǹkan, ẹnì kan sábà máa ń dúró de èsì rẹ̀, kò sì lè ṣe ohun tí ó kàn títí èsì yóò fi dé. Nígbà tí ó bá ń kọ nǹkan, ó lè gbà á sí inú ìrántí rẹ̀ ná, kí ẹni tí ó gbé e wá sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Akọ̀wé Palmgrove ń kà. Ayàwòrán ń kọ. Ẹni tí ó bá fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì yóò rò pé òun ń ṣe òdodo, ṣùgbọ́n akọ̀wé ni yóò jìyà rẹ̀.

Jens Axboe, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ronú sí ọ̀ràn yìí nígbà tí ó ṣe olùtò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ deadline, èyí tí í ṣe gbèdéke ní èdè Yorùbá. Olùtò yìí a máa to iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà lójú àwo, ṣùgbọ́n ó fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke. Gbèdéke kíkà jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti kíkọ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí gbèdéke iṣẹ́ kan bá ti kọjá, olùtò yóò fi ètò ojú àwo sílẹ̀, yóò sì yà lọ ṣe é. Ó ń gbé kíkà ṣáájú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a gbàgbé kíkọ: bí ó bá ti fi kíkà ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó di dandan kí ó yíjú sí i. Èyí ni pé ó gba ọmọdé tí ó gbé ife wá láyè, síbẹ̀ kò lé alágbàá kúrò lójú omi.

Síbẹ̀, kì í ṣe deadline ni a kọ́kọ́ fi ṣe ìlànà àtilẹ̀wá. Nígbà tí ẹ̀dà 2.6 ti Linux jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, olùtò tí ń ní sùúrù ni ó wà ní ipò náà. Orí èrò tí Sitaram Iyer àti Peter Druschel tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni a gbé e kà. Lẹ́yìn tí ó bá ka nǹkan fún ẹnì kan tán, a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbé apá kúrò níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó ka ojú ìwé kìíní sábà máa ń bèèrè ojú ìwé kejì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, olùtò mìíràn tí Axboe ṣe, tí a ń pè ní CFQ, gba ipò rẹ̀. Ìlànà CFQ ni láti pín àkókò díìsìkì fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan má baà gba gbogbo rẹ̀ mọ́ èkejì lọ́wọ́. Fún ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, tí ó ń ka ìwé, tí ó ń gbọ́ orin, tí ó sì ń da fáìlì kọ, ìpín yìí dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ohun tí ó yẹ kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè má yẹ sáfà. CFQ pẹ̀lú a máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ẹnì kan, nǹkan bí 8 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kí ó lè rí i bóyá ẹni náà tún ń bọ̀. Lórí díìsìkì kan ṣoṣo, ìdúró náà lè mú èrè wá. Ṣùgbọ́n lórí sáfà tí ó ní díìsìkì mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, nígbà tí olùtò bá ń dúró de ẹnì kan, ọ̀pọ̀ nínú díìsìkì wọ̀nyí yóò káwọ́ gbera, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn yóò sì wà nílẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Red Hat gbé ẹ̀dà keje ètò ìdarí rẹ̀ fún sáfà jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, deadline ni ó fi ṣe ìlànà àtilẹ̀wá, àfi lórí irú díìsìkì SATA tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, níbi tí ó fi CFQ sílẹ̀ sí. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí nínú ìpinnu yìí ni pé kì í ṣe ìdáhùn kan ni wọ́n fi fún gbogbo díìsìkì. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè irú díìsìkì tí ó jẹ́.

Láàrin àkókò yìí, díìsìkì fúnra rẹ̀ ń yí padà. Èyí tí a ń pè ní SSD kò ní àwo tí ń yí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní apá tí ń rìn. Ipa 10 àti ipa 90 kò jìnnà sí ara wọn mọ́ lójú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí ó wà nínú àpẹẹrẹ wa ti di ohun tí ó lè wà ní Kétu àti ní Fádéyí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2011 ni ẹ̀dà kìíní òfin NVMe jáde, èyí tí ó jẹ́ kí irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tí iṣẹ́ ń tò sí, nígbà tí díìsìkì SATA ní ìlà kan ṣoṣo tí kò gbà ju iṣẹ́ 32 lọ. Lórí irú díìsìkì ayára-bí-àṣá yìí, àkókò tí olùtò fi ń ronú lè pọ̀ ju àǹfààní tí ó ń mú wá lọ.

Bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ètò ìlà púpọ̀ wọ inú Linux. Ní oṣù Keje ọdún 2017, olùtò BFQ àti Kyber dé fún un. Nígbà tí ẹ̀dà 5.0 jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2019, a ti yọ CFQ àti deadline àtijọ́ kúrò. Mq-deadline, tí í ṣe arọ́pò deadline, sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó yí i padà, Linux òde òní a máa wo díìsìkì ná. Bí ó bá ní ìlà kan ṣoṣo, mq-deadline ni yóò fún un. Bí ó bá ní ìlà púpọ̀, kò ní fún un ní olùtò kankan, yóò jẹ́ kí iṣẹ́ máa kọjá tààrà. Ìlànà àtilẹ̀wá tí ó kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀ sàn ju èyí tí ó kàn ń pàṣẹ lọ.

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí, ohun tí ẹni tí ó jìnnà lè mọ̀ kò ju díìsìkì lọ. Ó mọ̀ bí díìsìkì ti rí, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ń dúró níwájú akọ̀wé. Nítorí náà, alábòójútó sáfà ní ìbéèrè mẹ́ta tí òun nìkan lè dáhùn. Èkíní, ṣé díìsìkì alàwo ni, àbí SSD? Èkejì, ta ni ń dúró, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí ó bá pẹ́? Ẹ̀kẹta, ṣé sáfà yìí dá wà, àbí inú sáfà ńlá kan ni ó ń gbé? Ọ̀pọ̀ sáfà tí a ń háyà lónìí kò ní díìsìkì tirẹ̀. Ìpín kan nínú ti sáfà ńlá ni a fún un. Bí sáfà kékeré bá ti to iṣẹ́ tán, sáfà ńlá yóò tún un tò ní ọ̀nà tirẹ̀. Níbi bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń sàn kí sáfà kékeré fi ìtò sílẹ̀ fún ńlá, nítorí òun ni ó ń rí ojú díìsìkì gan-an.

Bí a bá fi ìbéèrè wọ̀nyí wo ilé ìtẹ̀wé wa, ìdáhùn kò ṣòro. Bí díìsìkì alàwo ni ó wà níbẹ̀, mq-deadline yẹ ẹ́, nítorí pé akọ̀wé ń kà, ayàwòrán sì ń kọ ohun ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ jù ni kí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá pín díìsìkì náà láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n lè dán BFQ wò, nítorí ìpín ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ra NVMe, kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìsí olùtò. Orúkọ olùtò tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú fáìlì kékeré kan tí ó wà fún díìsìkì kọ̀ọ̀kan; fún díìsìkì tí ń jẹ́ sda, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni /sys/block/sda/queue/scheduler. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ lórí sáfà lè kà á, ó sì lè kọ orúkọ mìíràn sínú rẹ̀ láìpa sáfà náà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yí i padà nítorí pé ó gbọ́ pé ẹlòmíràn yí tirẹ̀ padà. Kí ó kọ́kọ́ wọn bí akọ̀wé ti ń pẹ́ tó ní wákàtí tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà. Kí ó sì tún un wọ̀n ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n kò bá dára sí i, kí ó dá a padà sí bí ó ti wà.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí olùtò kò lè ṣe pẹ̀lú. Gbèdéke kì í ṣe ìbúra. Bí iṣẹ́ 300 bá ń dé láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan sí díìsìkì tí agbára rẹ̀ kò ju 100 lọ, kò sí ètò tí yóò gbà á. Díìsìkì mìíràn ni a ó rà. Bákan náà ni olùtò kò lè dá iná mànàmáná padà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àtilẹ̀wá mìíràn nínú Linux, ohun tí a ní kí ó kọ lè wà nínú ìrántí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé e lọ sórí díìsìkì, àfi bí iṣẹ́ náà bá pàṣẹ pé kí ó kọ ọ́ kíá. Bí iná bá lọ lójijì láàrin àkókò náà, tí kò sì sí bátìrì tí ó gbà á dúró, ohun tí ayàwòrán rò pé òun ti fi pamọ́ lè ṣòfò. Ẹni tí ó ń lo sáfà ní ìlú tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ olùtò gbàgbé ọ̀rọ̀ bátìrì.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo èyí kò mọ sí orí kọ̀ǹpútà nìkan. Ìlànà àtilẹ̀wá kì í ṣe òfin tí ó ti ọ̀run wá. Ènìyàn ni ó yàn án, ní ọjọ́ kan, fún irú ohun èlò tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí a bá fi ṣe alábòójútó ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, ìbáà ṣe sáfà, ìbáà ṣe ẹ̀rọ omi, gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí a fi yàn án bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ohun èlò àti àwọn tí ń dúró bá ti ń yí padà. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ ìlànà àtilẹ̀wá? Èé ṣe tí yíyàn rẹ̀ fi jẹ́ ẹrù ńlá?
2. Apá díìsìkì wà lórí ipa 40. Iṣẹ́ dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipa 60, 20, 70 àti 10. Ipa mélòó ni yóò rìn bí ó bá ń ṣe wọ́n bí wọ́n ti dé? Mélòó ni yóò rìn bí ó bá kọ́kọ́ gòkè kí ó tó sọ̀ kalẹ̀?
3. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kíkà àti kíkọ ní ti ẹni tí ń dúró.
4. Kí ni ó mú kí ìdúró díẹ̀ tí CFQ máa ń ṣe di àdánù lórí sáfà tí ó ní díìsìkì púpọ̀?
5. Kí ni ó dé tí díìsìkì NVMe kò fi sábà nílò olùtò?
6. Kọ àròkọ kúkúrú lórí ibì kan ní àdúgbò rẹ tí àwọn ènìyàn ti ń tò láti gba nǹkan. Ètò wo ni ó wà níbẹ̀? Ta ni ó ń ṣe láǹfààní, ta ni ó sì ń pa lára?